Èlíjà nínú Ìwé Sírákì: kí ló dé tí akéwì náà ṣe yíjú sí i, tó ń bá a sọ̀rọ̀?

Ọmọ Olùkọ́ kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ewì kan ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò. Ó wà ní orí 48 Ìwé Sírákì, ìwé ọgbọ́n tí olùkọ́ kan ní Jerúsálẹ́mù, Jésù ọmọ Sírà, fi èdè Hébérù kọ ní nǹkan bí ọdún 190 sí 180 ṣáájú ìbí Krístì. Láti orí 44 ló ti ń yin àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì: Énọ́kù, Nóà, Ábúráhámù, Mósè, Áárónì, Dáfídì, Sólómónì. Nígbà tó kan wòlíì Èlíjà, ohùn rẹ̀ ga sí i. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá báyìí:

Títí wòlíì kan fi dìde bí iná,
tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jó bí ààrò tó gbóná janjan.
Ó ṣẹ́ ọ̀pá oúnjẹ mọ́ wọn lọ́wọ́,
ìtara rẹ̀ sọ wọ́n di ìba díẹ̀.
Nípa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ó ti ojú ọ̀run pa,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú iná sọ̀ kalẹ̀.
Ìwọ Èlíjà, ẹ̀rù rẹ mà pọ̀ o!
Ẹni tó bá dà bí ìwọ ló tó ṣògo.
Ìwọ tí o jí òkú dìde kúrò lọ́wọ́ ikú,
ìwọ tí o rọ ọba sínú ihò,
tí o gbé ọlọ́lá kúrò lórí ibùsùn wọn.
Ìwọ tí o gbọ́ ìbáwí ní Sínáì,
tí o gbọ́ ìdájọ́ ẹ̀san ní Hórébù.
Ìwọ tí o ta òróró sórí àwọn ọba agbẹ̀san,
àti sórí wòlíì tí yóò dípò rẹ.
Ìwọ tí ìjì gbé lọ sókè,
tí ọ̀wọ́ ogun iná gbé lọ.
Ìwọ tí a kọ nípa rẹ pé o wà ní ìmúrasílẹ̀ de àkókò náà,
láti mú ìbínú rọlẹ̀ kí ọjọ́ Olúwa tó dé,
láti yí ọkàn baba padà sọ́dọ̀ ọmọ,
láti gbé àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì dúró.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú ti Hébérù, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ní ìlà àkọ́kọ́. Iná la kọ́kọ́ rí. Ìlà mẹ́fà gbáko ló fi ń ròyìn fún wa: ó ṣe èyí, ó ṣe tọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló kọ ẹ̀yìn sí wa, tó kọjú sí wòlíì náà fúnra rẹ̀, kò sì tún padà sọ́dọ̀ wa mọ́ títí ọ̀rọ̀ Èlíjà fi parí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni agbára ewì yìí wà. Èlíjà kò kú, kò sí sàréè rẹ̀ níbì kankan. Akéwì náà ń bá ẹni tó mọ̀ pé ó wà láàyè sọ̀rọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Dékúnlé kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwa ọmọ Ìjọ Àgùdà mọ ewì yìí dáadáa. Wọ́n máa ń kà á ní Mísà ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì Ádífẹ́ǹtì, pẹ̀lú ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti bi Jésù nínú Mátíù 17 pé kí ló dé tí àwọn akọ̀wé òfin fi ń sọ pé Èlíjà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá.

Àmọ́ ohun kan yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń ka tiyín. Ẹsẹ 1 sí 4 ni wọ́n ń kà fún wa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á fo lọ sí 9 sí 11. Òkú tó jí, ọba tó rọ sínú ihò, Sínáì àti Hórébù, òróró, gbogbo rẹ̀ ni kì í sí ńbẹ̀. Iná ìbẹ̀rẹ̀ àti ìlérí ìparí nìkan ló máa ń kù sí wa létí. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ìbínú inú rẹ̀ pọ̀ tó báyìí. Ọba wo gan-an ló gbé kúrò lórí ibùsùn?

Díákónì Ìjẹ̀ṣà kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè. Ìwé Sírákì kò sí nínú Bíbélì tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n mo ti kà á, mi ò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí akéwì yìí fi sílẹ̀.

Ẹ ṣí 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà tó borí àwọn wòlíì Báálì ní Òkè Kámẹ́lì, níbi tí iná ti sọ̀ kalẹ̀, gbọ́ ìhàlẹ̀ Jésébẹ́lì, ìyàwó Áhábù ọba Ísírẹ́lì, ó sá. Ó rin ìrìn ọjọ́ kan wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì ló jí i, tó fún un ní àkàrà àti omi. Ó dé Hórébù, òkè Ọlọ́run, ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná jó, Bíbélì sì sọ ọ́ gbangba pé Olúwa kò sí nínú iná náà. Lẹ́yìn iná ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wá.

Níbo ni gbogbo ìyẹn wà nínú ewì yìí? Ó dárúkọ Hórébù, ìbáwí àti ẹ̀san nìkan ló gbọ́ níbẹ̀. Ó fi iná bẹ̀rẹ̀, ó fi iná gbé e lọ sókè. Ẹni tí Ọlọ́run fi hàn pé Òun kò sí nínú iná, òun ni akéwì sọ di iná láti orí dé ẹsẹ̀. Jákọ́bù sọ nínú lẹ́tà rẹ̀, orí 5, pé ènìyàn bíi tiwa ni Èlíjà. Èlíjà tó rẹ̀, tó bẹ̀rù, tí oúnjẹ áńgẹ́lì gbé ró, òun ló ti gbé èmi náà ró lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi nítorí ewì tó dùn létí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Àtijọ́ kọ:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Màmá Dékúnlé lóhùn. Ọba tó hàn jù ni Ahasáyà ọmọ Áhábù, nínú 2 Àwọn Ọba 1. Ó já bọ́ láti yàrá òkè ààfin rẹ̀ ní Samáríà, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì rán oníṣẹ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ òrìṣà Ékírónì bóyá ara òun á yá. Èlíjà pàdé wọn lọ́nà, ó ní ọba kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ lórí ibùsùn tó gùn. Ọba rán olórí ogun pẹ̀lú àádọ́ta ọkùnrin lọ mú un, iná jó wọn; ó tún rán òmíràn, iná tún jó wọn. Ẹ fi iná Kámẹ́lì kún méjèèjì yẹn, ẹ ó rí iná mẹ́ta tí akéwì kà. Ó ṣeé ṣe kó ní Jèhórámù ọba Júdà lọ́kàn pẹ̀lú, torí 2 Kíróníkà 21 sọ pé Èlíjà kọ lẹ́tà sí i nípa àrùn ìfun tí yóò pa á.

Nípa ìwé náà fúnra rẹ̀: ọmọ-ọmọ olùkọ́ yìí ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríkì ní Íjíbítì, lẹ́yìn ọdún 132 ṣáájú ìbí Krístì, Gíríkì yẹn sì ni àwọn Kristẹni ń lò. Àwọn rábì, olùkọ́ àwọn Júù, máa ń fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yọ, síbẹ̀ wọn kò kà á mọ́ Ìwé Mímọ́, ti Hébérù sì pòórá lójú ayé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1896, àwọn obìnrin ìbejì méjì, Agnes Lewis àti Margaret Gibson, ra ewé ìwé kan bọ̀ láti ìrìn àjò wọn sí ìhà Ìlà-Oòrùn. Wọ́n gbé e han ọ̀mọ̀wé Solomon Schechter ní Cambridge, ó sì rí i pé Sírákì ti Hébérù ni. Ìyẹn ló gbé e lọ sí Káírò, níbi tó ti kó ìwé rẹpẹtẹ jáde láti yàrá ìkówèésí sínágọ́gù Ben Ezra. Wọ́n tún rí àkájọ míì ní Màsádà, odi àtijọ́ kan ní Ísírẹ́lì, ní 1964, àmọ́ orí 39 sí 44 ló wà nínú rẹ̀. Fún orí 48, ìwé Káírò la gbára lé ní Hébérù, ó sì ti ya níbi tí ọ̀rọ̀ Èlíjà ti ń parí.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Díákónì wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi Sólómónì sí ẹ̀gbẹ́ Èlíjà. Èlíjà kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí akéwì yìí yíjú sí. Ní orí 47, ó ti bá Sólómónì sọ̀rọ̀ lójúkojú bákan náà: "Ọgbọ́n rẹ mà pọ̀ nígbà èwe rẹ o!" Kò pẹ́ tó fi kọjú ìjà sí i: o jọ̀wọ́ ara rẹ fún obìnrin, o kó àbààwọ́n bá ògo rẹ. Olùkọ́ yìí kì í bẹ̀rù láti bá ẹni ńlá wí. Tó bá wá fi ẹ̀rù Èlíjà sílẹ̀, ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Énọ́kù náà kò kú, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Ọmọ Olùkọ́, àìkú nìkan kò lè jẹ́ ìdí.

Akéwì Òkè-Ọ̀ṣun kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó dùn mọ́ mi. Oríkì ni iṣẹ́ tí ìyá mi kọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí etí mi gbọ́.

"Ìwọ tí o, ìwọ tí o" tó ń tò tẹ̀ lé ara wọn yẹn, oríkì ni. Kì í ṣe ìtàn. Nínú ìtàn, èèyàn á sọ ìdí tí ebi fi mú, ibi tí opó Sáréfátì ń gbé, ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe kó tó kú. Oríkì kì í dúró ṣàlàyé. Gbólóhùn kan ṣoṣo, "ìwọ tí o jí òkú dìde", ẹni tó mọ ìtàn á gbọ́ ọ ní kíkún, ẹni tí kò mọ̀ á lọ bèèrè. Akéwì náà mọ̀ pé àwọn tó ń gbọ́ òun ti ka Ìwé Àwọn Ọba.

Mo fara mọ́ àbúrò wa pé àìkú nìkan kọ́. Àwa náà máa ń pe òkú ní "ìwọ" bí a bá ń kì í, ó lè ti lo igba ọdún nínú ilẹ̀. Pípè yẹn ló ń mú un wá sáàárín wa. Mo sì fara mọ́ Bàbá Díákónì pé oríkì kì í bo àlèébù mọ́lẹ̀. A máa ń ki èèyàn mọ́ gbèsè tó jẹ, a máa ń kì í mọ́ ogun tó sá fún.

Ibi tí mo ti dákẹ́ ni gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ẹ wò ó dáadáa. Jíjí òkú, ó ti ṣe é. Ọba sínú ihò, ó ti ṣe é. Òróró, ìjì, gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lójijì, "ìwọ tí a kọ nípa rẹ pé o wà ní ìmúrasílẹ̀". Iṣẹ́ tí ẹni náà kò tíì ṣe ni wọ́n fi ń kì í! Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu ìyá mi. A lè súre fún ẹni tí a kì, ká ní á á rí báyìí, á á rí bọ́hùn-ún. Ìre nìyẹn. Akéwì yìí kò súre. Ó ka iṣẹ́ ọ̀la mọ́ iṣẹ́ àná, ó tò wọ́n sórí ìlà kan náà bíi pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ìdí tó fi ń pe Èlíjà nìyẹn, lójú tèmi. Ó ń pè é síṣẹ́.

Ọmọ Olùkọ́ kọ:

Àǹtí Akéwì, ẹ ti gbé ewì yìí kọjá ibi tí mo gbé e dé. Ó ń pè é síṣẹ́! Énọ́kù kò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé wòlíì kankan tó sọ pé Énọ́kù ń bọ̀ wá ṣe nǹkan. Sólómónì pẹ̀lú, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán, ìyẹn ló jẹ́ kí "ìwọ" tirẹ̀ parí sí ìbáwí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tì í lẹ́yìn. Ìwé Málákì ló parí àkójọ àwọn wòlíì kékeré méjìlá, olùkọ́ yìí sì mọ àwọn méjìlá yẹn bí ọ̀kan, torí ó dárúkọ wọn pa pọ̀ ní orí 49. Nínú orí tó gbẹ̀yìn Málákì nínú Bíbélì wa, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jó bí ààrò. Ẹsẹ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ọlọ́run ní Òun yóò rán Èlíjà kí ọjọ́ yẹn tó dé, láti yí ọkàn àwọn baba padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ wá wo ewì wa: ààrò tó ń jó ló fi bẹ̀rẹ̀, ọkàn baba àti ọmọ ló fi ń parí. Gbogbo ìtàn Ìwé Àwọn Ọba ló kó sáàárín gbólóhùn Málákì méjì. Ààrò Málákì, ọjọ́ tí ń bọ̀ ni. Akéwì gbé e sẹ́nu Èlíjà ti àtijọ́. Láti ìlà kejì ló ti ń dà àná àti ọ̀la pọ̀.

Ààrò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ààrò amọ̀ tí wọ́n fi ń yan àkàrà ni. Nínú ìlà tó tẹ̀ lé e ni wòlíì ti ṣẹ́ ọ̀pá oúnjẹ. Ààrò ń jó, kò sí àkàrà tí wọ́n máa yan. Ìyàn Áhábù nìyẹn nínú ìlà méjì péré.

Ìyá Dékúnlé kọ:

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka ti ààrò yẹn. Lúùkù 1 náà wá sí mi lọ́kàn, níbi tí áńgẹ́lì ti sọ fún Sakaráyà pé ọmọ tó máa bí, ìyẹn Jòhánù Onítẹ̀bọmi, yóò lọ nínú ẹ̀mí àti agbára Èlíjà, láti yí ọkàn àwọn baba padà sí àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ìbéèrè kan ló kù fún mi. Èlíjà ha ta òróró sórí àwọn ọba bí? Mo rò pé Èlíṣà ló ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Àtijọ́ kọ:

Ẹ rí i dáadáa, Mà. Ní Hórébù, Ọlọ́run rán Èlíjà láti fi òróró yan Hásáélì ní Síríà, Jéhù ní Ísírẹ́lì, àti Èlíṣà. Èlíṣà nìkan ló kàn sí nínú mẹ́ta, aṣọ rẹ̀ ló sì dà bò ó. Èlíṣà ló wá sọ fún Hásáélì pé yóò jọba, òun náà ló rán ọ̀dọ́mọkùnrin wòlíì kan lọ da òróró sí Jéhù lórí. Akéwì kà á sí Èlíjà lọ́rùn nítorí Èlíjà ni wọ́n rán níṣẹ́.

Ẹ ó tún rí i pé ẹ̀san ló fi ń júwe àwọn ọba náà. Jéhù ló pa Jésébẹ́lì àti ilé Áhábù run. Ní tòótọ́, ìdájọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún Èlíjà ní Hórébù, Bàbá Díákónì. Lẹ́yìn ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn ni iṣẹ́ idà tẹ̀ lé e: ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ idà Hásáélì, Jéhù ni yóò pa á. Akéwì kò purọ́ mọ́ Hórébù. Apá kan ló mú.

Díákónì Ìjẹ̀ṣà kọ:

Mo gbà pé kò purọ́. Apá tó mú gan-an ni mò ń bá jà. Olùkọ́ ọgbọ́n ni ọkùnrin yìí. Ó kọ́ èèyàn ní ìwà níbi oúnjẹ, ní bí a ṣe ń yan ọ̀rẹ́, ní bí a ṣe ń ṣọ́ ahọ́n. Ìwé Òwe kò dárúkọ wòlíì kan, bẹ́ẹ̀ ni Jóòbù àti Oníwàásù. Nígbà tí olùkọ́ ọgbọ́n wá dárúkọ wòlíì níkẹyìn, kí ló dé tó jẹ́ pé agbára ló rí? Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ì bá ti bá ọgbọ́n mu jù.

Ọmọ Olùkọ́ kọ:

Bàbá mi, ẹ ti béèrè ìbéèrè tó yẹ. Mo rò pé ìdáhùn wà nínú ìgbà tó gbé ayé. Ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Krístì, ìdílé ọba Síríà gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn ọba Íjíbítì tí wọ́n jẹ́ Gíríkì. Kò sí ọba Dáfídì lórí ìtẹ́. Àwọn ẹ̀yà ti fọ́n ká. Ní orí 36, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run kó gbogbo ẹ̀yà Jákọ́bù jọ, kí a sì rí i pé òótọ́ ni àwọn wòlíì sọ. Ẹni tó ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kò wá wòlíì tí yóò tù ú nínú. Ẹni tó tóbi ju ọba lọ ló ń wá. Nígbà tó fi kún ọ̀rọ̀ Málákì pé Èlíjà yóò gbé àwọn ẹ̀yà dúró, iṣẹ́ tí Olúwa gbé fún ìránṣẹ́ rẹ̀ nínú Àìsáyà 49 ló gbé lé Èlíjà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ka ìlà yìí: "láti mú ìbínú rọlẹ̀." Èlíjà oníná, tó ti ọ̀run pa, tó fi iná jó ọmọ ogun ọba, iṣẹ́ tí wọ́n pa á mọ́ de ọ̀la ni kó pa iná ìbínú Ọlọ́run kó tó ràn. Kì í ṣe iná kẹrin ló fẹ́ wá sọ̀. Bàbá sọ pé ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò sí nínú ewì. Ó wà ńbẹ̀, Sà, àmọ́ kò fi í sí Hórébù. Ọ̀la ló gbé e sí. Ìwé Àwọn Ọba fi ìrọ̀lẹ̀ sí àárín ayé Èlíjà, akéwì yìí fi í sí òpin. Gbogbo iná tó kó jọ láti ìlà àkọ́kọ́ ló jẹ́ ká mọ bí ìrọ̀lẹ̀ yẹn ti tóbi tó.

Akéwì Òkè-Ọ̀ṣun kọ:

Háà! Ẹ wo baba àti ọmọ pẹ̀lú. Ọmọ opó ló jí fún ìyá rẹ̀ láyé àtijọ́, ilé kan ṣoṣo. Ní ọ̀la, gbogbo baba àti gbogbo ọmọ.

Díákónì Ìjẹ̀ṣà kọ:

Mo gba ti ìbínú tó rọlẹ̀ yẹn, mo gbà á tọkàntọkàn. N kò kà á báyẹn rí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi igi aginjù yẹn sílẹ̀ fún yín. Ìrọ̀lẹ̀ tí Èlíjà yóò mú wá lọ́la, ohun rere ni. Ẹ̀rù tó ba Èlíjà lánàá, ìyẹn kò sí nínú ewì, kò sì sí ohun tó lè dípò rẹ̀. Ẹni tó ti sọ fún Ọlọ́run rí pé ó tó gẹ́ẹ́, ìyẹn ló máa mọ bí a ṣe ń bá ìbínú wí. Bí mo bá fẹ́ ka Sírákì 48 fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, màá kọ́kọ́ ka 1 Àwọn Ọba 19 fún wọn títí dé ibi tí áńgẹ́lì ti gbé àkàrà wá, torí ẹni tó ṣẹ́ ọ̀pá oúnjẹ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, ebi ti pa òun náà rí.

Ìyá Dékúnlé kọ:

Ẹ jẹ́ kí n máa fi ẹsẹ 5 sí 8 kún un fún àwọn ọmọ mi nílé ní Ádífẹ́ǹtì tó ń bọ̀, níwọ̀n ìgbà tí Mísà ọjọ́ náà fò ó. Àǹtí Akéwì, ẹ bá wa kì í jáde lóhùn, kẹ́ ẹ gbé e síbí ká gbọ́.